Síídì, Láísẹ́ǹsì àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Ra Gémù ní Soje

Nínú ohun gbogbo tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó rà lóde òní, bóyá ni a óò rí èyí tí ó ṣòro láti mọ ẹni tó ni ín tó gémù tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gémù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni eré orí ẹ̀rọ, yálà ti bọ́ọ̀lù, ti ogun tàbí ti ìdíje ọkọ̀, èyí tí a ń fi PlayStation, Xbox, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù gbá. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó sanwó rẹ̀. Èkíní ni síídì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ eré náà sí, tí a ń kì bọ inú ẹ̀rọ. Èkejì ni kí olùrà sanwó fún ilé-ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi dátà fa eré náà wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, láìsí ohunkóhun tí ó lè fi ọwọ́ mú. Ìrọ̀rùn ni àwọn tó ń ta ti ọ̀nà kejì yìí ń polówó: kò sí pé a ń jáde lọ sọ́jà, kò sí àwo tí yóò sọnù, eré náà yóò sì máa wà lórí àkáǹtì olùrà, kí ó lè tún un gbà nígbà tó bá wù ú. Ohun tí wọn kì í sábà sọ sókè ni pé olùrà ti fi ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ni nǹkan máa ń ní sílẹ̀ kí ó tó rí ìrọ̀rùn náà gbà. Bóyá pàṣípààrọ̀ yìí dára tàbí kò dára ni wọ́n ń jiyàn lé lórí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Soje ní ìlú Minna, ohun tí a ní láti kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ìrọ̀rùn náà tilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá.

Soje jẹ́ àdúgbò kan ní ìhà Kpakungu, níbi tí ọ̀nà Bida ti ń jáde kúrò ní Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ń tọ̀ lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Gidan Kwano. Gbagyi, Nupe, Hausa àti Yorùbá ni ó jọ ń gbé ìlú náà, rélùwéè sì ni ó gbé àwọn kan nínú àwọn Yorùbá wọ̀nyí dé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, gémù kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbá nínú yàrá. PlayStation 2, tí Sony gbé jáde ní ọdún 2000, tí ó sì tà ju 150 mílíọ̀nù lọ káàkiri àgbáyé, ni ó sọ gémù di ti mùtúmùwà ní Nàìjíríà: ẹnì kan a ra ẹ̀rọ náà, a gbé tẹlifíṣọ̀n, páàdì méjì àti jẹnẹrétọ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa san owó díẹ̀ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pàdánù a dìde, ẹlòmíràn a gba páàdì. Síídì pẹ̀lú kì í jókòó sí ojú kan. Ẹni tó rà á a yá ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ a fi tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àfikún owó, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oúnjẹ rẹ̀ bá tán kí ìdánwò tó parí a tà á ní àlòkù. Àwo kan ṣoṣo lè ti ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá kí ó tó bàjẹ́.

A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé gbogbo àwo wọ̀nyẹn ló mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú síídì PlayStation 2 tí wọ́n tà ní Nàìjíríà jẹ́ àdàkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà kò fọwọ́ sí, tí ó ti ọjà bíi Alaba ní Èkó wá, kọ́bọ̀ kan kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fi làákàyè wọn ṣe é. Ìpayà àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ìdí, ẹni tó bá sì ń jà fún ẹ̀tọ́ olùrà ní láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni olè jíjà, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó san owó pípé má lè fi ohun tó rà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Òfin ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ ní ti ohun tí a lè fọwọ́ bà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Bobbs-Merrill kọ ọ́ sínú ìwé kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tó dín sí dọ́là kan. Àwọn tó ni ilé-ìtajà Macy's tà á ní sẹ́ǹtì 89, ẹjọ́ sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó dá a ní ọdún 1908 pé bí òǹtẹ̀wé bá ti ta ẹ̀dà ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe tún ẹ̀dà yẹn tà ti tán. Ẹni tó rà á lè tà á, ó lè yá ẹlòmíràn, ó sì lè fi í sílẹ̀ bí ogún. Lórí irú èrò yìí ni gbogbo ọjà àlòkù dúró, láti orí ìwé dé orí ọkọ̀ tòkunbọ̀. Àwọn ilé-ìtajà gémù orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹra fún èrò náà nípa pé wọn kò ta ẹ̀dà kankan. Láísẹ́ǹsì ni wọ́n ń fún oníbàárà, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti máa lo eré náà lábẹ́ àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ kọ fúnra rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń sọ pé oníbàárà kò lè gbé e fún ẹlòmíràn, àti pé ilé-iṣẹ́ lè fòpin sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ètò kan wà tí ó jọ èyí, òun náà ni ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti ibòmíràn wá a tọrọ oko lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, a sì máa gbé iṣu, epo tàbí owó díẹ̀ wá lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò lè ta ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, tí kò sì sọ pé òun ló ni ín, onílẹ̀ kò kàn lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ó lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa ro oko náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti dáàbò bo irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ra gémù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ààbò tó tó èyí. Àkáǹtì rẹ̀ kò ṣe é jogún lábẹ́ àdéhùn ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà náà. Ohun tí ó sì burú jù níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rí pé ilẹ̀ ni ó rà. Ó mọ ipò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó jẹ́ pé “rà á nísinsìnyí” ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú ibi tí ẹni tó fẹ́ gémù yóò tẹ̀.

Ìpínlẹ̀ California ti gbìyànjú láti tún ìyẹn ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni gómìnà wọn buwọ́ lu òfin kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, pé ilé-ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí rírà fún ohun tí ó lè gbà padà, àfi bí ó bá sọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé láísẹ́ǹsì ni ó ń gbà. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Steam, ilé-ìtajà gémù kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Valve dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ti fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ibi ìsanwó rẹ̀.

Ewu pé ohun tí a sanwó fún lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kì í ṣe àròsọ. Ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ EA bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ FIFA ṣe gémù bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àjọṣe EA àti FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, tú ká, tí EA sì ń múra láti gbé EA Sports FC 24 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n kó àwọn FIFA àtijọ́ kúrò ní ilé-ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti rà wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ FIFA 23 lónìí kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí i rà bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tó ní síídì rẹ̀. Gémù The Crew ti ilé-iṣẹ́ Ubisoft burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré ìdíje ọkọ̀ ni, ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n sì ṣe é débi pé kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá kàn sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá ẹ̀rọ àwọn oníbàárà lóhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n pa sáfà náà, eré náà sì kú fún gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tí síídì rẹ̀ wà nínú páálí. Ìbínú lórí èyí ni ó mú kí Ross Scott ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rí ìbuwọ́lù tó ju mílíọ̀nù kan lọ ní ọdún 2025. Ẹni tó bá ń gbójú lé síídì gẹ́gẹ́ bí ààbò ní láti fi èyí sọ́kàn, nítorí síídì tí ń dúró de àṣẹ sáfà kí ó tó ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti pàdánù nínú irú nǹkan yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó fura. Abiola Olaniran, tí ó kàwé ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì ń ṣe gémù fún àwọn fóònù tó ń lo Windows Phone, tí àwọn ènìyàn gbà ní àìmọye ìgbà, tí ó wọ orí mílíọ̀nù. Iṣẹ́ ọmọ Yorùbá ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gémù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Microsoft ti ilé-ìtajà Windows Phone 8.1 pa. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí fóònù irú yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti fa gémù wọ inú rẹ̀ láti ilé-ìtajà náà mọ́. Bí ó bá ṣe pé inú àwo ni wọ́n kọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn sí, bóyá à bá rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú àpótí ẹnì kan ní Minna tàbí ní Ifẹ̀. Ìwádìí tí Video Game History Foundation gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn gémù tó jáde ní Amẹ́ríkà kí ọdún 2010 tó dé ni kò sí ní títà mọ́. Bí ilẹ̀ tí gémù ti pọ̀ jù bá rí báyìí, tiwa yẹ kí ó máa kọ àwọn onímọ̀ lóminú.

Wàyí o, kí ni ìrọ̀rùn tí wọ́n ní a fi gbogbo èyí rà? Ẹ jẹ́ kí a mú EA Sports FC 25, gémù bọ́ọ̀lù tó jáde ní ọdún 2024, tí ó béèrè fún àyè 100 GB lórí kọ̀ǹpútà. GB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí dátà ṣe pọ̀ tó, gbogbo eré inú síídì PlayStation 2 kan kì í sì í sábà ju GB márùn-ún lọ. Bí GB kan bá jẹ́ 400 náírà, dátà láti fa eré tó tó 100 GB nìkan yóò gba 40,000 náírà lẹ́yìn tí a ti sanwó eré fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, tún fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láṣẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdajì lé owó tí wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn dátà, iná mànàmáná ni. Ìpínlẹ̀ Niger ni ìsédò Kainji, Jebba àti Shiroro wà, tí wọ́n ń pèsè iná fún orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ ariwo jẹnẹrétọ̀ kò yé dún ní Kpakungu. Ẹni tó bá ń fa eré ńlá wọlé ní òru, nígbà tí dátà máa ń dínwó, kò mọ ìgbà tí iná yóò lọ. Síídì tí ọ̀rẹ́ gbé wá láti ilé kejì kò béèrè nǹkan kan nínú gbogbo èyí.

Owó náà tún wà. Gémù tuntun ńlá máa ń jẹ́ 70 dọ́là lórí ilé-ìtajà àwọn òyìnbó. Kí ìjọba tó dẹwọ́ lórí iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà, 70 dọ́là sì jẹ́ 32,200 náírà. Nígbà tí dọ́là dé 1,500 náírà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gémù kan náà di 105,000 náírà, ní orílẹ̀-èdè tí owó-oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 70,000 náírà láti oṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó tilẹ̀ ní owó náà lè má rí ọ̀nà san án nígbà náà, nítorí ní ọdún 2022 ni àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye dọ́là tí káàdì náírà lè ná lóṣù kù, àwọn kan sọ ọ́ di 20 dọ́là, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ti orúkọ ìlú. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Sony ṣí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì PlayStation fún nígbà tí àríyànjiyàn lórí gémù Helldivers 2 ṣẹlẹ̀. Gémù náà jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn ènìyàn rà á lórí Steam. Ní oṣù Karùn-ún ni Sony kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àkáǹtì PlayStation, wọ́n sì dá títà rẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè tó ju 170 lọ tí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò sí. Lẹ́yìn ariwo ọjọ́ díẹ̀ ni Sony yí ìpinnu lórí àkáǹtì náà padà. Ọ̀nà tí àwọn tó ní PlayStation ní Nàìjíríà ń gbà ni kí wọ́n kọ Amẹ́ríkà tàbí Bìrìtéènì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé, kí wọ́n sì ra gíftì káàdì, ìyẹn nọ́ńbà tí a ti san dọ́là sí tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó ń gbé ní Soje ti di ará Texas nínú ìwé kí ó tó lè sanwó. Àdéhùn tí ó fọwọ́ sí sì lòdì sí irọ́ ibùgbé, nítorí náà gbogbo ohun tó kó jọ sórí àkáǹtì náà dúró lórí ìpìlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ lè fà tu nígbàkígbà láìjẹ̀bi. A kò lè pe èyí ní ìrọ̀rùn. Olùrà fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ ó sì tún ru ìnira.

Kò túmọ̀ sí pé síídì kò ní àléébù. Ẹ̀ẹ̀rùn Minna gbóná, eruku ọyẹ́ a máa wọ inú ẹ̀rọ, àwo tó bá sì ti ha kì í sàn. Síídì tòótọ́ pẹ̀lú sábà máa ń gba Èkó tàbí Abuja wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ a sì bọ́ sí orí iye rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gémù tó ti pẹ́ díẹ̀ a máa dínwó débi tí kò sí ọlọ́jà tó lè dín in tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣe gémù: Kiro'o Games ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde lórí Steam ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ayé sì rí i rà, nígbà tí ó jẹ́ pé owó títẹ síídì àti kíkó o káàkiri ì bá ti dá wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ka ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí ibi pátápátá kò ro ti àwọn wọ̀nyí. Bí ìrọ̀rùn yìí bá ti wà, ó dára. Àdéhùn tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò dára.

Àwọn ènìyàn sì ti wá ọgbọ́n ti ara wọn. Ní Nàìjíríà lónìí, ẹnì kan lè ra gémù sórí àkáǹtì, kí ó sì ta ànfààní àti wọlé sí àkáǹtì náà fún ẹlòmíràn ní owó tó kéré sí iye gémù, yóò fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, olúwarẹ̀ yóò fa eré náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní síídì láyé PlayStation 2 ni wọ́n tún fẹ́ máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lọ́la, ilé-iṣẹ́ lè ti àkáǹtì náà pa nítorí pé ó lòdì sí àdéhùn, ẹni tó rà á kò sì ní ibi tí yóò ti fẹjọ́ sùn, nítorí ohun tí wọ́n tà fún un kì í ṣe ti ẹni tó tà á. Nígbà tí ètò tó mọ́ kò bá fi àyè sílẹ̀ fún yíyá àti títà, inú òkùnkùn ni wọn yóò ti máa ṣe é, aláìní ni yóò sì máa fara gbá a.

Síídì ń lọ díẹ̀díẹ̀. PlayStation 5 Pro, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kò ní ojú ibi tí a ń ki síídì bọ̀, àfi kí olùrà fi owó ọ̀tọ̀ ra èyí tí yóò so mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú àwọn káàdì gémù tí Nintendo ń tà fún Switch 2, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, kò sì ní eré kankan nínú, kọ́kọ́rọ́ lásán ni wọ́n, dátà ni a óò fi fa eré náà. Káàdì bẹ́ẹ̀ ṣì ṣe é yá, ó sì ṣe é tà, èyí sì fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lè ṣe láísẹ́ǹsì tí yóò máa ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Òfin Nàìjíríà kò ṣófo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 béèrè pé kí wọ́n fi èdè tó yé oníbàárà ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń tà fún un, ó sì lòdì sí àdéhùn tó bá rẹ́ ẹ jẹ. Àjọ FCCPC, tí òfin náà gbé kalẹ̀, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé ilé-iṣẹ́ Meta tó ni Facebook ní oṣù Keje ọdún 2024 lórí bí ó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àjọ tó lè mú Meta lè pe àwọn tó ń ta gémù wá síbi tábìlì. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kò pọ̀: kí olùrà mọ̀ kí ó tó sanwó bóyá láísẹ́ǹsì ni ó ń gbà àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa sáfà, kí ó lè gbé eré tí kò gbá mọ́ fún ẹlòmíràn, kí orúkọ Nàìjíríà sì wà nínú àkọsílẹ̀ ibùgbé, kí ẹni tó wà ní Soje lè sanwó ní náírà, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò rẹ̀ gan-an.